Àbàtà Àfọwọ́ṣe fún Omi Adágún Ẹja: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ, Ewéko Tí A Ń Gbìn Sí I, àti Bí A Ṣe Ń Gé E

Omi tí a bá tú kúrò nínú adágún ẹja àrọ̀ kò tíì di omi tó yẹ kó wọ odò. Ìgbẹ́ ẹja wà nínú rẹ̀, oúnjẹ tí ẹja kò jẹ wà níbẹ̀, amóníà tó ń jáde lára ẹja náà wà níbẹ̀. Ní Èrìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí adágún ti pọ̀ lójú kan, àti lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé láti Òdògbólú títí dé Ìpẹru àti Ṣàgámù, gọ́tà tàbí odò kékeré ni omi yìí sábà máa ń bá lọ. Tó bá dé odò, nítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ yóò di ajílẹ̀ fún ewédò. Ewédò yóò bo ojú omi, yóò kú, yóò jẹrà, jíjẹrà rẹ̀ yóò sì lo ọ́síjìn tí ẹja odò ì bá fi mí.

Ewéko etí omi tí a gbìn sínú àbàtà àfọwọ́ṣe lè gba ọ̀pọ̀ nínú ẹrù yìí lọ́wọ́ omi kó tó dé odò. Ṣùgbọ́n ewéko kì í sọ ìdọ̀tí di òfo, ó ń kó o jọ ni. Bí a kò bá gé e, ewé yóò gbẹ, yóò wó sílẹ̀, ohun tó ti gbà yóò sì padà sínú omi. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ẹ mọ ẹni tí yóò máa gé ewéko náà, kí ẹ sì mọ ibi tí yóò máa kó o sí. Ohun méjì ló ń ba irú àbàtà yìí jẹ́ jù: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó dí òkúta, àti ewéko tí ẹnikẹ́ni kò gé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín òkúta

Àbàtà tí a ń sọ yìí kì í ṣe adágún tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ihò tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ kún ni, tí omi ń gba inú òkúta kọjá lábẹ́lẹ̀, tí ewéko sì ta gbòǹgbò sáàárín òkúta náà. Ẹ kò ní rí omi lójú rẹ̀, ẹ̀fọn kò sì ní ríbi yé ẹyin sí.

Bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ nítírójìn. Àwọn kan ń lo ọ́síjìn láti sọ amóníà di nitrate, irú nítírójìn mìíràn. Àwọn mìíràn, níbi tí ọ́síjìn kò sí, ń sọ nitrate di gáàsì tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Níbi tí ẹrù omi bá wúwo, èyí tí ewéko fúnra rẹ̀ ń gbà kì í sábà ju ìdá kan sí méjì nínú mẹ́wàá. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yàtọ̀, torí kò ní gáàsì tó lè dà. Kó lẹ̀ mọ́ òkúta, tàbí kó wọ inú ewéko kí àdá gbé e jáde, kò sí ọ̀nà kẹta.

Ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká mú adágún oníbúlọ́ọ̀kù kan tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 1. Lítà 12,000 nìyẹn. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìdajì rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, lítà 6,000 ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn lítà 2,000 lójúmọ́. Omi yìí gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 2, ó kéré tán, láàárín òkúta. Nínú òkúta gíráníìtì tí a kó jọ, nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 ni àlàfo tí omi lè gbà. Nítorí náà, ihò tó gùn ní mítà 7, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi inú rẹ̀ jìn ní ìdajì mítà, yóò gba 7 × 3 × 0.5 × 0.38, tó súnmọ́ lítà 4,000. Ọjọ́ 2 gééré nìyẹn.

Bí omi yín bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ẹ fi kún fífẹ̀ àbàtà náà, ẹ má fi kún jíjìn rẹ̀. Omi tó bá jìn jù yóò máa gba abẹ́ gbòǹgbò kọjá láìbá ohunkóhun pàdé. Ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé ló sì máa ń kọ́kọ́ dí, bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dí.

Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ilé náà lè gba irú àbàtà yìí, níwọ̀n mítà onígun 1 sí 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé inú ilé, bí omi ilé ìyàgbẹ́ kò bá dà pọ̀ mọ́ ọn. Omi gbágùúdá tí a tẹ̀ jáde fún gààrí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Ó kan jù, májèlé cyanide wà nínú rẹ̀, yóò pa ewéko àti bakitéríà pọ̀.

Ẹ má gbàgbé òjò. Òjò mìlímítà 100 lórí àbàtà tó jẹ́ mítà onígun 21 (7 × 3) yìí jẹ́ lítà 2,100, ó ju omi ọjọ́ kan lọ. Nínú oṣù Òkúdù àti Ọ̀wẹwẹ̀, nígbà tí òjò Ìjẹ̀bú máa ń le jù, omi òrùlé tó bá tún ya wọ ibẹ̀ yóò lé omi adágún jáde kó tó mọ́. Ẹ gbẹ́ kòtò yí i ká kí àgbàrá má wọlé.

Táǹkì ìsinmi

Bí ẹ bá tú omi adágún tààrà sórí òkúta, kò ní pẹ́ tí ìgbẹ́ ẹja yóò fi dí i. Ẹ kọ́ táǹkì oníbúlọ́ọ̀kù kan síwájú rẹ̀: gígùn mítà 3, fífẹ̀ mítà 2, gíga mítà 1.3. Ẹ fi páìpù ìjáde sí sẹ̀ǹtímítà 30 sókè láti ilẹ̀ táǹkì. Lítà 6,000 gééré ni yóò wà lókè páìpù náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí táǹkì bá kún, ẹ fún un ní wákàtí 2 kó sinmi kí ẹ tó ṣí fáfù.

Lítà 2,000 lójúmọ́ jẹ́ lítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 43. Ẹ fi ike lítà 1 gba omi lẹ́nu páìpù, kí ẹ sì máa yí fáfù títí ike náà yóò fi máa kún láàárín àkókò yẹn. Bí omi bá ṣe ń fà nínú táǹkì ni agbára rẹ̀ á máa dín kù, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré yóò rí i pé lọ́jọ́ kẹta omi kò tíì tán nínú táǹkì, adágún sì ti tó tú.

Táǹkì yìí gbọ́dọ̀ ga ju ojú àbàtà lọ kí omi lè ṣàn fúnra rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, pọ́ńpù tí ẹ fi ń tú adágún ni kó gbé omi sínú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo ojú rẹ̀. Kí omi tó kan àbàtà, ẹ jẹ́ kó já wálẹ̀ lórí òkúta ńláńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ tò bí àtẹ̀gùn. Jíjábọ́ yẹn ń fún un ní ọ́síjìn, amóníà kò sì lè lọ láìsí ọ́síjìn.

Ẹ máa kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ táǹkì jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ajílẹ̀ dáadáa ni fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, àmọ́ ẹ má dà á sójú kan náà lọ́dọọdún, nítorí wọ́n ń fi síńkì àti bàbà díẹ̀ sínú oúnjẹ ẹja, díẹ̀díẹ̀ yẹn yóò sì máa pọ̀ sí i nínú ilẹ̀.

Kíkọ́ àbàtà náà

Ẹ jìnnà sí kànga ní mítà 30, ó kéré tán, kí àbàtà sì wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe lókè rẹ̀. Iyanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, omi tó bá jò sínú rẹ̀ kì í pẹ́ dé ibi tí kànga ti ń fà. Nítorí èyí, a kì í fi ihò náà sílẹ̀ láìtẹ́ nǹkan sí i.

Ẹ gbẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 60, kí ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ láti ẹnu ìwọlé lọ sí ẹnu ìjáde: sẹ̀ǹtímítà 7 láàárín mítà 7 ti tó. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé etí rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 sókè ilẹ̀. Ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ gbogbo rẹ̀ kí ẹ sì fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ da iyanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì lé e, kí ẹ wá tẹ́ tàpólíìn tó nípọn lórí rẹ̀. Ẹ tún tẹ́ àpò lókè tàpólíìn kí ẹnu òkúta má gún un. Kí òkúta tó wọlé, ẹ pọn omi kún un, ẹ sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Oòrùn lè fa ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n tí omi bá lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan, ó ń jò. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni títún un ṣe nísinsìnyí. Lẹ́yìn tí òkúta bá ti wọlé, ẹ ní láti kó gbogbo rẹ̀ jáde.

Ìdajì mítà àkọ́kọ́ àti ìdajì mítà ìkẹyìn ni kí ẹ kó òkúta tó tó ìkúùkù sí, kí omi lè tàn káàkiri. Gíráníìtì tí àwọn bíríkìlà ń pè ní three-quarter ni kí ẹ fi kún àárín, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60. Gbogbo òkúta náà yóò tó tọ́ọ̀nù 20. Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó wọlé, torí ẹ̀kúru tó ń bá òkúta bọ̀ láti kùárì tó láti dí àlàfo kó tó di pé ìgbẹ́ ẹja débẹ̀.

Páìpù inṣi 3 ni kó gbé omi wọlé. Ẹ dá a bú fífẹ̀ àbàtà, ẹ lu ihò mìlímítà 10 sí i ní sẹ̀ǹtímítà 25-25, kí ẹ sì dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lápá ìjáde. Tó bá ti gba ara ògiri jáde, ẹ fi ẹ́líbò gbé e dúró kí ẹnu rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 50. Gíga ẹnu ẹ́líbò yẹn ni gíga omi inú àbàtà, kò ní kọjá ibẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́líbò náà pa, ẹ ó máa yí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí omi sọ̀.

Fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, yangí dára púpọ̀. Irin àti alumíníọ́ọ̀mù inú òkúta pupa yìí ló ń gbá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú. Ẹ ṣa èyí tó le, tí kì í fọ́ lọ́wọ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ kò fi pupa mọ́, ẹ kó o sínú àpò alásẹ̀ẹ́ kí ẹ sì fi sí kòtò kékeré kan tí omi ń gbà lẹ́yìn ẹ́líbò. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ gíráníìtì, nítorí bópẹ́ bóyá yóò kún, ẹ ó sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ewéko

Canna, tí àwọn àgbà ń pè ní ìdò, ni ká kọ́kọ́ mú. Ó wà káàkiri, ó ń yára hù, gígé kì í pa á, òdòdó rẹ̀ sì ń mú kí ojú ibẹ̀ wuni. Ẹ gé iṣu rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ojú méjì tàbí mẹ́ta wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rì í sínú òkúta ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ìdajì mítà síra wọn. Mẹ́rin ló bọ́ sí mítà onígun kan, nítorí náà 84 ni àbàtà yìí yóò gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí Ẹ̀bìbì, ni ó dára jù láti gbìn ín.

Koríko vetiver náà dára, pàápàá níbi tí irin olóró (òjé, cadmium àti irú wọn) bá wà, nítorí ó ń fara da omi kíkan àti omi oníyọ̀, ó sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú irin tó bá gbà mọ́ sínú gbòǹgbò. Kì í yára bí canna. Typha, koríko àbàtà gíga kan, lágbára gan-an, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ tó dà bí òwú ń bá afẹ́fẹ́ lọ sí àkùrọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó bá ní oko ìrẹsì nítòsí kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ojúoró tí a fi ń wúre pé ó ń lékè omi, àti water hyacinth tó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1984 láti apá Bàdágírì, ń gba ìdọ̀tí ju gbogbo èyí tí a ti dárúkọ lọ. Ìdí kan náà ni wọn kò fi yẹ níbí. Nínú omi tó lọ́ràá, water hyacinth lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyọ kan tó bá bá omi jáde sì lè di ìṣòro odò títí dé ọ̀sà. Ọmọ irú ẹ̀fọn kan sì máa ń gún gbòǹgbò ojúoró láti mí lábẹ́ omi, ẹ̀fọn yẹn sì wà lára àwọn tó ń gbé kòkòrò tó ń fa jàbùtẹ̀ kiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú un wá láti odò.

Lẹ́yìn gbígbìn, ẹ gbé ẹ́líbò sókè kí omi dé ojú òkúta fún ọ̀sẹ̀ 3, kí gbòǹgbò kékeré lè rí i mu. Omi kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹ wá dà á pọ̀ mọ́ omi adágún ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ tó fún un ní omi adágún pọ́ńbélé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ̀ omi padà sí sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ ojú òkúta. Oṣù 2 sí 3 ni canna yóò lò kó tó gba gbogbo ojú ibẹ̀.

Bí ewé bá ń pọ́n láti etí, omi ti lágbára jù: ẹ bu omi là á. Bí omi bá ń hàn lójú òkúta ní ẹnu ìwọlé, ó ti ń dí: ẹ kó òkúta ìdajì mítà àkọ́kọ́ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Bí ibẹ̀ bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí amóníà kò sì dín kù nígbà tí ẹ fi bébà àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà níbi oúnjẹ ẹja wò ó, ọ́síjìn kò tó. Ẹ máa sọ̀ omi sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí i fún ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọ inú òkúta. Inú àbàtà tí kò sí irin olóró nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí.

Gígé

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni kí ẹ máa gé canna, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sílẹ̀ kó lè rú. Ọ̀pá tó bá ti yọ òdòdó tán ni ẹ ó kọ́kọ́ mú, nítorí kò ní rú mọ́, ohun inú rẹ̀ sì ń padà sí iṣu. Ìdajì àbàtà lẹ́ẹ̀kan ni, ìdajì kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3. Àbàtà tí a gé kodoro lọ́jọ́ kan kò ní ewé tí yóò gbé afẹ́fẹ́ lọ sí gbòǹgbò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń jáde. Canna tútù kílò 100 kì í ju kílò 10 sí 12 lọ tó bá gbẹ. Kílò 10 gbígbẹ yẹn ru nǹkan bí gíráàmù 200 sí 300 nítírójìn, àti gíráàmù 20 sí 40 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Oúnjẹ ẹja tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 42 nínú 100, kílò 10 rẹ̀ ru gíráàmù 670 nítírójìn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì ń já sínú omi. Ẹ rí i pé kò sí bí a ṣe lè fi àdá lé àṣejù oúnjẹ bá. Ẹni tó bá ń da oúnjẹ sómi títí ẹja fi kọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ewé tí a gé níbi tí irin olóró kò sí ṣeé fi bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ṣeé kó jọ kó jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ létí àbàtà kí òjò máa fọ̀ ọ́ padà.

Bí irin olóró bá wà nínú omi

Omi tó ń ti ọgbà mẹkáníìkì, ibi tí wọ́n ń fọ ọkọ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún bátìrì ṣe bọ̀ kì í ṣe omi adágún ẹja. Òjé, síńkì, bàbà àti cadmium lè wà nínú rẹ̀, ojú kò sì lè rí wọn. Ẹ má ṣe da irú omi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹja, àbàtà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni yóò ní, pẹ̀lú kòtò tí yóò kọ́kọ́ gba ọ́ìlì.

Irin kì í jẹrà, kì í sì í di gáàsì bíi nítírójìn. Nínú àbàtà, ibi mẹ́ta ló ń dúró sí. Gbòǹgbò ń tú ọ́síjìn díẹ̀ sára, ìpẹtà irin ń bo gbòǹgbò náà, òjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ìpẹtà yẹn. Nínú ẹrẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn, bakitéríà ń ṣe sulphide, ohun kan tó ní imí-ọjọ́ nínú, tó ń so mọ́ irin tí yóò fi di èérún dúdú tí omi kò lè yọ́. Ìyókù ń wọ inú ewéko. Òjé kì í sábà gòkè kúrò ní gbòǹgbò, cadmium àti síńkì máa ń dé ewé.

Nítorí náà, àbàtà irin kò gbọ́dọ̀ gbẹ láé. Bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ẹrẹ̀, sulphide yóò tú, òjò àkọ́kọ́ yóò sì gbé irin ọ̀pọ̀ oṣù jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti oṣù Bélú títí òjò yóò fi padà dé, ẹ máa fi omi kún un. Omi bátìrì tàbí omi kíkan mìíràn tó bá wọ ibẹ̀ yóò ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà.

Ohunkóhun tí ẹnu ń jẹ kò gbọ́dọ̀ hù níbẹ̀ tàbí létí omi tó ń jáde. Kókò fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀, yóò sì tóbi, yóò dára lójú, àmọ́ ẹni tó bá fi ṣe ẹ̀bìrìpò ń fi irin bọ́ ilé rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ náà ń gba cadmium sínú ewé. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ canna ibẹ̀. Ẹ má sun ún, nítorí irin yóò wà nínú eérú, díẹ̀ yóò sì bá èéfín lọ sí imú ọmọdé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ gé e, ẹ sá a gbẹ lórí tàpólíìn lábẹ́ òrùlé, ẹ dì í sínú àpò méjì, kí ẹ sì kàn sí OGEPA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń rí sí àyíká, nípa ibi tó yẹ kó lọ. Gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ náà, bákan náà.

Èéfín àti omi ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì, bí irú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ògìjo, kọjá ohun tí àbàtà ẹ̀yìnkùlé lè gbà. Eruku ni ọ̀pọ̀ òjé ń bá dé ara ènìyàn níbẹ̀. Láti orísun ni kí wọ́n ti dá a dúró, ẹjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti OGEPA àti NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká.

Láti mọ̀ bóyá àbàtà ń ṣiṣẹ́, ilé àyẹ̀wò ni kí omi lọ. Ẹ gba ike tí wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ má lo ike omi tí ẹ mu tán. Ẹ bu omi ìwọlé lónìí, kí ẹ bu ti ìjáde lẹ́yìn ọjọ́ 2, nítorí omi tó wọlé lónìí ni yóò jáde nígbà náà. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò àti lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ̀n tí Nàìjíríà gbà láyè nínú omi mímu ni mìlígíráàmù 0.01 òjé àti 0.003 cadmium nínú lítà kan. Bí kànga kan bá wà nítòsí, ẹ bu omi tirẹ̀ náà pọ̀ mọ́ wọn.